Àlọ́ Tí Tyson Pa Lọ́jọ́ Kérésìmesì

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2014, Neil deGrasse Tyson kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter tó bí ọ̀pọ̀ Kristẹni nínú. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán lórí fóònù àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ká má kàn bínú sí i.

Onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ni Tyson, ará Amẹ́ríkà, tó ń darí Hayden Planetarium ní New York. Òun ló ṣe atọ́kùn ètò Cosmos lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2014 kan náà. Ó mọ ọ̀rọ̀ ṣàlàyé gan-an. Kì í sì í pe ara rẹ̀ ní ọ̀tá Ọlọ́run. Ohun tó máa ń sọ ni pé òun kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí.

Ohun tó kọ lọ́jọ́ náà ni pé irú ọjọ́ òní ni wọ́n bí ọmọ kan láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, á ti yí ayé padà. Gbogbo wa ti fẹ́ dáhùn pé “Jésù!” Ló bá ní Isaac Newton lòun ń kí kú ọjọ́ ìbí.

Àlọ́ nìyẹn, àbí kí ni? Ẹni tó pa á mọ ibi tí ọkàn wa máa lọ, ó wá gba ibòmíràn yọ. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ẹni tó fẹ́ pa àlọ́ á kọ́kọ́ ké “Ààlọ́ o!” kí àwọn ará ilé tó dáhùn “Ààlọ̀!” Ìdáhùn yẹn ni àdéhùn pé eré la fẹ́ ṣe. Tyson kò gba àdéhùn kankan. Àárín ọdún ọlọ́dún ló ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́ tirẹ̀. Nígbà tí inú ń bí àwọn èèyàn, ó tún kọ ọ́ pé ká fojú inú wo ayé tí òtítọ́ tó dájú ti ń la èèyàn lójú dípò kó máa bí wọn nínú.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi òtítọ́ tó dájú wọn àlọ́ ọ̀hún wò.

Nígbà tí wọ́n bí Newton, kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò. Orí rẹ̀ ni ọjọ́ náà ti jẹ́ 25 oṣù Kejìlá 1642. Lórí kàlẹ́ńdà tí àwa àti Tyson ń lò lónìí, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1643 ni. Ọdún 1752 ni Gẹ̀ẹ́sì tó yí padà, tí wọ́n sì fo ọjọ́ mọ́kànlá. Tyson kò sọ èyí. Àmọ́ kí àwa náà má ṣe jà nítorí ọjọ́. Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù fún wa.

Èyí tó wúwo jù ni Newton fúnra rẹ̀. Àlọ́ náà gbé e sórí àga Jésù, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo la lè bọ̀wọ̀ fún. Newton ni ì bá kọ́kọ́ dìde níbẹ̀! Ohun tó kọ nípa ẹ̀sìn ju mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀ lọ. Ìwé rẹ̀ lórí Dáníẹ́lì àti Ìfihàn jáde lọ́dún 1733, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tó tún Principia tẹ̀ lọ́dún 1713, ó fi kún un pé ọwọ́ Ọlọgbọ́n àti Alágbára ni ètò oòrùn àti àwọn plánẹ́ẹ̀tì ti wá. Òótọ́ ni pé kò gba Mẹ́talọ́kan gbọ́, ó sì fi í pa mọ́. Nítorí náà, ká má fi í jẹ díákónì nínú ìjọ wa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi í ṣe òkúta tí a ó máa sọ lu ìgbàgbọ́.

Ẹ tún wo Richard Dawkins, ọ̀jọ̀gbọ́n Oxford tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 2013, ó kọ ọ́ sórí Twitter pé ẹ̀bùn Nobel tí gbogbo Mùsùlùmí ayé gbà kò tó ti Trinity College, Cambridge, ilé ẹ̀kọ́ Newton gan-an. Kò parọ́ nínú kíkà. Ṣùgbọ́n ọdún 1901 ni Nobel bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Mùsùlùmí wà lábẹ́ àwọn Òyìnbó, tí Trinity sì ti ń kówó jọ láti 1546. Òtítọ́ kan tí a yọ láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ irọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín sí èyí torí pé àwa kọ́ ló bá wí, ẹ rántí: pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìdílé Yorùbá wo ni kò sì ní Àlàájì nínú?

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ físíìsì àti báyọ́lọ́jì. Wọ́n ka àlọ́ Tyson, wọ́n gbọ́ pé: mú ọ̀kan. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbọ́ tí à ń bú àwọn onísáyẹ́ǹsì, ohun kan náà ni wọ́n gbọ́: mú ọ̀kan. Ṣebí èébú wa ti gbe Tyson lẹ́yìn nìyẹn! Pétérù Kìíní 3:15 ní ká ní ìdáhùn, ká sì fi ìwà tútù dá a.

Bí ọmọ rẹ bá gbé àlọ́ náà wá lọ́dún yìí, má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kí o bi í pé: kàlẹ́ńdà wo? Newton wo? Kí ẹ̀yin méjèèjì wá jọ wá a.