Orúkọ Àyálò, Ìṣe Àbínibí: Lámèyítọ́ lórí Èdè Àwọn Oníṣẹ́ Iná

Ẹni tó bá jókòó ti àwọn oníṣẹ́ iná lẹ́nu iṣẹ́, tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, lè kọ́kọ́ rò pé èdè Yorùbá ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Wáyà, kébù, páìpù, súìṣì, sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíúùsì, bíréékà, mítà, láìfù, nútírà, áàtì: gbogbo wọn la yá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dárò èdè. N kò bá wọn dárò, nítorí orúkọ nìkan ni wọ́n kà. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni agbára Yorùbá wà nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí alámèyítọ́ gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kà. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ lò kò ṣòro. Inú ògiri ni a ń sin wáyà sí. Ẹni tó sin ín àti ẹni tí yóò tú u wò ní ogún ọdún sí i lè má rí ara wọn rí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó dára ni èyí tí yóò jẹ́ kí ẹnì kejì yìí mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe, kí iná má sì gbé e.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń darí ọmọṣẹ́: “Fa wáyà yẹn wá. Bó orí rẹ̀. Lọ́ ọ mọ́ èkejì. Fi tépù wé e.” Wáyà àti tépù nìkan ni àlejò nínú gbogbo gbólóhùn yìí; fa, bó, lọ́ àti wé jẹ́ ọmọ ilé. Wọn kì í sì í ṣe ìṣe gbogboogbò tí a kàn mú lò nítorí pé kò sí òmíràn. Ẹ wo “bó”. Iṣu la máa ń bẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń bó: ọ̀bẹ tó ń bẹ iṣu a máa mú díẹ̀ nínú ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èèpo nìkan ló ń kúrò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oníṣẹ́ iná kì í sọ pé òun fẹ́ bẹ wáyà. Ó ní òun fẹ́ bó o, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọ́ ọmọṣẹ́ ní iṣẹ́ kí ọ̀gá tó ṣàlàyé. Bàbà tí ọ̀bẹ bá dá lápá kò ní pé mọ́ níbi ọgbẹ́ náà. Ibẹ̀ ni ooru yóò máa kó jọ sí, ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìlànà ń fi odidi ìpínrọ̀ ṣe ohun tí Yorùbá ti fi sílébù kan parí.

Gbogbo wọn kọ́ ló dára tó bẹ́ẹ̀. “Lọ́” ti ba iṣẹ́ jẹ́ púpọ̀. Nítorí pé òun ni ìṣe tí wọ́n fi ń pe sísopọ̀ wáyà, ọmọṣẹ́ a gbà pé bí bàbà méjì bá ti lọ́ mọ́ra, tí tépù sì ti bò wọ́n, iṣẹ́ ti parí. Bàbà a máa gbóná, a sì máa tutù. Bó ṣe ń fẹ̀ tó ń sún kì ni lílọ́ náà ń dẹ̀, ìsopọ̀ tó dẹ̀ sì ni orísun iná ńlá nínú àjà ilé. Kọnẹ́tọ̀ oní-sukúrúù wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Ohun tí kò wà ni ìṣe Yorùbá kan tó ti mọ́ ọ̀gá lẹ́nu fún un, tí yóò fi lè sọ pé kí wọ́n má lọ́ ọ, kí wọ́n ṣe báyìí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tún ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-orúkọ wa kò lè dá ṣe. Iná kan náà la ń pe èyí tó wà nínú ààrò àti èyí tó ń gba inú wáyà kọjá. Iná ààrò a máa jó ènìyàn, iná wáyà a máa gbé e. Bí wọ́n bá ké pé iná jó ọmọ, omi tútù la kọ́kọ́ ń wá; bí wọ́n bá ní iná gbé e, súìṣì la ó sáré pa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. “Gbé” yìí náà ni wọ́n fi ń wọn agbára wáyà. “Èyí ò lè gbé e,” ni ọ̀gá ń wí bí wọ́n bá fẹ́ so ẹ̀rọ omi gbígbóná mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú BS 7671, ìwé ìlànà wáyà ti Britain, wáyà oní-PVC méjì nínú páìpù tó wà lára ògiri, níbi tí ooru àyíká jẹ́ 30 dígírì, lè gbé ámpù 17.5 bí fífẹ̀ ojú bàbà rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 1.5, 24 bí ó bá jẹ́ 2.5, 32 bí ó bá jẹ́ 4, àti 41 bí ó bá jẹ́ 6. Ohun tí “gbé” kò sọ ni pé nọ́ńbà ámpù wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. Bí wáyà bá pọ̀ nínú páìpù kan, tàbí tí páìpù náà gba abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án, ohun tí ó lè gbé ti dín kù. Àwọn oníṣẹ́ ń sọ pé tùpọ́ìǹtì-fáìfù ń gbé èyí, kì í gbé tọ̀hún, bí ẹni pé ìwà wáyà ni.

Nọ́ńbà bíi 2.5 yẹn gan-an ni orúkọ tí wáyà ń jẹ́ lọ́jà. Ní ọjà Àlàbá ní Èkó, wanpọ́ìǹtì-fáìfù ni ti gílóòbù, tùpọ́ìǹtì-fáìfù ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fífẹ̀ ojú bàbà níbi tí a bá ti gé e ni ó ń sọ, ní mìlímítà onígun mẹ́rin. Kì í ṣe ìnípọn láti etí dé etí. Bàbà 1.5 tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kò ju mìlímítà 1.38 lọ láti etí kan sí èkejì. Kí Britain tó yí wáyà sí ìwọ̀n mítà, nígbà tí 1970 ń sún mọ́lé, orúkọ a máa sọ bí wọ́n ṣe hun ún: 7/.029 ni fọ́nrán méje tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 0.029 íǹṣì. Mo fẹ́ràn orúkọ àtijọ́ yẹn jù. Ẹni tó bá bó wáyà lè fi ojú ara rẹ̀ ka fọ́nrán, kó mọ̀ bóyá orúkọ náà ń purọ́. Ní ti 2.5 òde òní, ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rọ́bà la ó gbà gbọ́, ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi ń fi ọ̀bẹ họ bàbà wò: bí funfun bá yọ lábẹ́, alúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Họ náà tún jẹ́ ìṣe.

Nọ́ńbà ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ Yorùbá tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tó wá ń ṣiṣẹ́ ní Houston yóò bá 14 tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju 12 lọ, àti 12 tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju 10 lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fa bàbà gba ojú ihò tóóró kọjá ni ìdí rẹ̀ ti wá: bí wọ́n bá ṣe fà á léraléra tó ni ó ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó, tí nọ́ńbà sì ń lọ sókè. Lójú ìwọ̀n Amẹ́ríkà yìí, tí wọ́n ń pè ní AWG, bí nọ́ńbà bá fi mẹ́ta pọ̀ sí i, fífẹ̀ ojú bàbà a dín sí bí ìdajì. Ìṣe “fa” ló fara pa mọ́ sínú nọ́ńbà àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n kàn ti gbàgbé ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wa. N kò fojú kéré wọn. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde; ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó sì gbájú mọ́, kì í ṣe ìwé oníṣẹ́ ọwọ́. Nínú ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n ṣẹ̀dá fún ìròyìn àti ìwé, ẹ kíyè sí èyí tó yè: ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ amúlétutù. Odidi gbólóhùn oníṣe ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ènìyàn sì lè tú u palẹ̀ kó rí iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. “Iná mọ̀nàmọ́ná” lẹ́wà lẹ́nu oníròyìn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí oníṣẹ́ kan lórí àkàbà sọ pé mọ̀nàmọ́ná ti dé. Àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ṣe irú èyí tó lágbára jù: ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni ríwáyà, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ di orúkọ ènìyàn.

Lẹ́nu ríwáyà, áàtì ni ara ọkọ̀, irin tí iná ń gbà padà sí bátìrì nígbà gbogbo. Nínú ilé, áàtì ni ọ̀nà tí iná kò gbọdọ̀ gbà àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Orúkọ kan, iṣẹ́ méjì tó ta ko ara wọn. Àbájáde rẹ̀ wà ní àwọn ilé tí nútírà ti já lórí òpó, tí ẹnìkan sì gún irin mọ́lẹ̀ kí áàtì lè rọ́pò rẹ̀. Gílóòbù á tàn lóòótọ́. Irin náà, ilẹ̀ tó yí i ká, àti ara gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ áàtì yẹn á sì lè máa gbé ènìyàn.

Ibi tí èdè iṣẹ́ yìí ti já wa kulẹ̀ jù ni ibi tí ọwọ́ kò lè dé. Bí gílóòbù bá ń ṣe bàìbàì, gbogbo àdúgbò á ní háfù kọ́rẹ́ẹ̀ntì ni wọ́n mú wá. Fóltéèjì ló lọ sílẹ̀, kì í ṣe kọ́rẹ́ẹ̀ntì ni wọ́n pín sí méjì. Ní ti gílóòbù àtijọ́ tó ní fọ́nrán nínú, irọ́ orúkọ yìí kò pọ̀, torí kọ́rẹ́ẹ̀ntì inú rẹ̀ náà á dín kù. Fíríìjì ni ó kó sí wàhálà. Mọ́tò inú rẹ̀ ṣì ní iṣẹ́ kan náà láti ṣe. Bí fóltéèjì kò bá tó, yóò máa fa kọ́rẹ́ẹ̀ntì ju bó ṣe yẹ lọ, wáyà inú rẹ̀ á gbóná, bí kò bá sì lè yí rárá ó lè jó. Lásìkò tí baálé ń sọ pé kọ́rẹ́ẹ̀ntì ti dín, ó ń pọ̀ sí i nínú fíríìjì rẹ̀. Gílóòbù nìkan ni wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ nǹkan yìí lórúkọ. Àwọn tó ń sọ ní tiwọn pé “iná ti wálẹ̀” sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí ìṣe ni wọ́n sọ, wọn kò fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pe ohun tó wálẹ̀ náà.

Ti àwọ̀ ló kù. Nàìjíríà gba ìlànà Britain àtijọ́: pupa ni láìfù, dúdú ni nútírà, àwọ̀ ewé ni áàtì. Lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2006, Britain kò gbà á nínú iṣẹ́ tuntun mọ́. Búráwùn ni láìfù, búlúù ni nútírà. Oríṣi méjèèjì ló wà ní ìsọ̀ wa báyìí. Ohun ìyanu ni pé àwọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá àtijọ́ mọ̀, pupa, dúdú àti funfun, kọ́kọ́ gbà wá lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀ yìí. Lójú àgbà, búráwùn wà lára pupa. Aṣọ tó mu aró dáadáa, dúdú ni. Bàbá tó bá sọ pé “pupa ni láìfù, dúdú ni nútírà” yóò gba wáyà tuntun mú láìṣìnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀ ní London.

Lórí fésì mẹ́ta, níbi tí wáyà láìfù ti jẹ́ mẹ́ta, ni ọgbọ́n yìí ti pin. Látijọ́, fésì jẹ́ pupa, yẹ́lò àti búlúù, nútírà sì jẹ́ dúdú. Ní báyìí fésì jẹ́ búráwùn, dúdú àti àwọ̀ eérú, nútírà sì jẹ́ búlúù. Búlúù àti dúdú pààrọ̀ ipò, àwọn méjèèjì sì jẹ́ dúdú kan náà lójú àgbà yẹn. Dúdú tó jẹ́ nútírà nínú ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn jẹ́ fésì nínú iṣẹ́ tuntun ní London, ó sì jẹ́ láìfù ní Houston, níbi tí nútírà ti jẹ́ funfun. Ní Britain, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyípadà náà, ìlànà ní kí wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ pátákó bíréékà ilé tí àwọ̀ méjèèjì bá ti pàdé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ á fi tépù pupa wé orí dúdú tó bá di fésì lọ́wọ́ rẹ̀. Orí wáyà nìkan ni tépù náà wà, ní ẹnu súìṣì àti ẹnu bíréékà. Ẹni tó bá lu ògiri láàárín, tó bá páìpù, tó sì fẹ́ gé e, dúdú ni yóò rí.