Agbẹjọ́-Ẹnìkan-Dá: Ta Ni Ó Bèèrè Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà?

Nínú gbogbo eré onítàn tí a ti kọ ní èdè Yorùbá, ekukáká ni a fi lè rí èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ tó Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Láti ìgbà tí a ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970 ni a ti ń kà á ní kíláàsì, tí a ń ṣe é lórí ìtàgé, tí ó sì di sinimá pẹ̀lú. Obìnrin kan jẹ Ìyálóde ní Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ìkà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti pé eré yìí ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fà á. Agbára ńlá ni èyí lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Agbára tí ó bá sì tó báyìí, ó yẹ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Ìbéèrè tí a sábà máa ń bi eré náà ni pé: ǹjẹ́ Ẹfúnṣetán burú tó bí Ìṣọ̀lá ti ṣe é? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀. Eré tí ó dá lórí ikú àìtọ́ ni eré yìí. Nígbà tí a bá sì pa ènìyàn láìtọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí òkú ń wá ni ibi tí wọn yóò gbé ẹkún wọn lọ. Ta ni yóò gbọ́ wọn? Ta ni yóò pe apànìyàn jáde pé kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀? Ìhà yìí ni eré náà ti lágbára jù lọ. Ìhà yìí kan náà ni ó sì ti kùnà.

Ìtàn inú eré kò ṣòro láti sọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Ìbànújẹ́ náà di májèlé nínú rẹ̀, ó sì ṣe òfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, nítorí ojú òun kò ní gbà á kí ẹrú máa gbé ọmọ pọ̀n nínú ilé tí olówó rẹ̀ kò ti rí ọmọ gbé. Adétútù lóyún fún Ìtáwuyì, tí òun náà jẹ́ ẹrú. Ẹfúnṣetán pàṣẹ pé kí a bẹ́ ẹ lórí. Ẹ̀bẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí, a sì bẹ́ Adétútù lórí tòun ti oyún inú rẹ̀. Ìtáwuyì fẹ́ gbẹ̀san, kò ṣe é ṣe, òun náà bá a lọ. Níkẹyìn Látòósà àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn dìde sí Ìyálóde, wọ́n mú un, wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí ó má bàa gbé inú ìtìjú náà, ó gbé májèlé jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ Ìtáwuyì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi olùkọ́ wọn pé, kí ló dé tí kò fi ẹjọ́ Ẹfúnṣetán sùn, tí ó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ pa á? Ẹni tí ó bá mọ bí Ìbàdàn ìgbà náà ti rí yóò mọ ìdáhùn. Ìlú jagunjagun ni, kò ní ọba aládé. Agbo-ilé kọ̀ọ̀kan ní babaogun rẹ̀, èyíinì ni ìjòyè tí í ṣe agbẹnusọ fún wọn níwájú ìgbìmọ̀. Bí ẹnìkan bá fìyà jẹ ọmọ agbo-ilé kan, olórí agbo-ilé a gbé ọ̀rọ̀ náà tọ babaogun lọ, babaogun a sì gbé e dé iwájú àwọn ìjòyè. Ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹrú kò ní agbo-ilé tirẹ̀. Agbo-ilé olówó rẹ̀ ni a ń kà á mọ́. Bí ará ìta bá pa ẹrú, olówó rẹ̀ ni yóò béèrè. Bí ó bá wá jẹ́ pé olówó rẹ̀ ni ó pa á ńkọ́? Ẹni tí ó yẹ kí ó pe ẹjọ́ náà ni ẹni tí ó yẹ kí a pè lẹ́jọ́.

Níbi yìí ni ọgbọ́n Ìṣọ̀lá ti hàn. Kò dúró ṣe àlàyé òfin fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a rí i pé gbogbo ilẹ̀kùn ti tì mọ́ Ìtáwuyì. Olólùfẹ́ ni, kì í ṣe ọkọ. Ẹrú ni, kì í ṣe ọmọ ìlú. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìlú. Ẹ̀san tí ó gbìyànjú kò ti inú ìwà ipá wá. Ibi tí ọ̀nà ẹjọ́ bá ti dí ni ọ̀nà ọ̀bẹ máa ń là. Bí òǹwòran bá káàánú rẹ̀, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ rẹ̀ sí Adétútù nìkan. Ó ń káàánú ẹni tí ó ní ẹ̀dùn, tí kò sì ní ẹni tí yóò rò ó fún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ìtàgé fún ìṣẹ́jú kan, kí a ṣí ìwé ìtàn. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí i tẹ̀ jáde títí di 1921. Ohun tí a kà nípa Ẹfúnṣetán nínú àkọsílẹ̀ àwọn òpìtàn yàtọ̀ púpọ̀ sí ti inú eré. Oníṣòwò ńlá ni Ìyálóde yìí, ọmọ Ẹ̀gbá ni nípa ìbí, ó sì máa ń fún àwọn jagunjagun ní ohun ìjà ní àwìn. Àárín òun àti Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kò gún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọdún 1874, Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni a kà sí i lẹ́sẹ̀: pé kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, pé kò fi ohun ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, pé nígbà tí Ààrẹ ń bọ̀, kò jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi láti kí i kú àbọ̀. Kò sí orúkọ ẹrú kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀jẹ̀ ẹrú kọ́ ni ó bí àwọn ìjòyè nínú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó kàn wá jù. Ẹfúnṣetán kò gbé májèlé jẹ. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún kan náà, méjì nínú àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọ yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì pa á. Kúmúyìílọ, ẹni tí ó gbà ṣe ọmọ, ni a gbọ́ pé ó rán wọn. Ìlú kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú báyìí. Ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè jókòó láti wádìí ikú náà. Kúmúyìílọ jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní Látòósà ni ó wà lẹ́yìn òun. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, a pa àwọn ẹrú méjèèjì ní gbangba ní ọjà Baṣọ̀run. Látòósà kò kúrò lórí oyè. Ààrẹ ni títí ó fi kú ní 1885 ní ibùdó ogun Kírìjì.

Ẹjọ́ gidi nìyẹn: òkú wà, olùpẹjọ́ wà, ìwádìí wà, ìjẹ́wọ́ wà, ìdájọ́ sì wà. Ẹjọ́ náà sì wọ́. A fìyà jẹ ọwọ́ tí ó di ohun ìjà mú, a fi orí tí ó gbèrò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Àwọn ẹrú méjì náà bẹ̀rù ẹni tí ó rán wọn. Ìgbìmọ̀ tí ó dá ẹjọ́ wọn náà bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn tó eré ọ̀tọ̀.

Nígbà tí Ìṣọ̀lá sọ ìpànìyàn di ìpara-ẹni, kì í ṣe òpin ìtàn nìkan ni ó yí padà. Ó pa ẹjọ́ náà rẹ́. Ẹni tí ó bá pa ara rẹ̀ kò ní apànìyàn tí a óò wá. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹ̀jẹ̀ Ẹfúnṣetán nínú eré, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ náà wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Èyí tí ó tún wúwo jù ni ti Látòósà. Ẹni tí ìtàn fi sí ipò olùjẹ́jọ́ ni eré náà gbé ka orí àga adájọ́. Òǹwòran a pàtẹ́wọ́ fún un bí ó ti ń wọlé láti wá gbẹ̀san Adétútù, láìmọ̀ pé ẹni tí òun ń pàtẹ́wọ́ fún ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

A lè gbọ́ èsì àwọn tí ń gbèjà eré náà. Wọn yóò sọ pé òǹkọ̀wé eré kì í ṣe òpìtàn, pé ìtàgé ní òfin tirẹ̀, àti pé ìparí tí Ìṣọ̀lá yàn bá ìwà ẹni tí ó dá mu: obìnrin tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún òun kò ní gbà kí ẹlòmíràn yan ikú fún òun. Òtítọ́ ni. Èdè eré náà dùn, òwe rẹ̀ bọ́ sí ipò, Ẹfúnṣetán tí ó dá sì ga lójú ìtàgé ju gbogbo àwọn ọkùnrin tí ó yí i ká lọ. Ṣùgbọ́n òmìnira òǹkọ̀wé kò sọ pé kí a má bi í léèrè ohun tí ó fi òmìnira náà ṣe. Orúkọ ènìyàn gidi ni ó lò, àti orúkọ ìlú gidi, àti oyè gidi. Ẹni tí ó kú ní 1874 kò lè wá sí kíláàsì láti wí tẹnu rẹ̀. Àgbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bọ́láńlé Awẹ́ ti rò ó láti ìhà kejì nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìtàn, níbi tí ó ti gbé òwò àti ìṣèlú Ìyálóde yìí ka iwájú. Ó yẹ kí a máa ka àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìkan ni èyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí a ti kó ọ̀pọ̀ òfin kóòtù wa wá, kò gbà kí ẹbí òkú pe ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ pa ènìyàn wọn lẹ́jọ́ owó gbà-máà-bínú, àfi ìgbà tí òfin 1846 dé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni ó wà láàárín òfin náà àti ikú Ẹfúnṣetán. Ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọmọ ni òfin náà sì dá mọ̀. Bí Ìtáwuyì bá tilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kò ní rí ẹsẹ̀ dúró lé. Lónìí, ilẹ̀kùn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Nàìjíríà. A dá ìgbìmọ̀ tí ń pèsè agbẹjọ́rò fún tálákà sílẹ̀ ní 1976, Èkó sì ṣe òfin ní 2007 lórí ìwádìí ikú tí ó bá ní ìfura nínú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sin òkú wọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, nítorí owó agbẹjọ́rò, nítorí ìbẹ̀rù ẹni ńlá, tàbí nítorí pé a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó wà nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò nílò àlàyé kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe Ìtáwuyì.

Ìdí nìyí tí eré náà fi yẹ ní kíkà síbẹ̀, tí ó sì fi yẹ kí a yí bí a ti ń kọ́ ọ padà. Kí olùkọ́ má ṣe dúró lórí ìbéèrè pé ta ni ìkà nínú wọn. Kí ó bi àwọn ọmọ pé: nígbà tí a pa Adétútù, ta ni ó yẹ kí ó pe ẹjọ́, níwájú ta ni? Kí ó sì sọ fún wọn bí Ẹfúnṣetán ti kú ní ti òótọ́, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò rí i pé eré àti ìtàn, bí wọ́n ti yàtọ̀ tó, pàdé ní ibì kan. Nínú eré, a bẹ́ ẹrú lórí, ẹbí rẹ̀ kò sí láti béèrè. Nínú ìtàn, a pa ẹrú méjì ní ọjà Baṣọ̀run nítorí iṣẹ́ tí a rán wọn, orúkọ wọn kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ Ìyálóde rí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lé e lórí, bí ìgbìmọ̀ náà tilẹ̀ ṣe ojúsàájú. Ti àwọn ẹrú kò rí ẹnikẹ́ni.