Eégún Ọmọdé

Àpò ìrẹsì ni wọ́n dà bo ọmọkùnrin náà, wọ́n fi àpò àlùbọ́sà oníhò-oníhò ṣe ojú rẹ̀ kó lè máa ríran. Ògbólógbòó ìró ìyá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ tẹ̀lé e. Ọmọ méjì ń lu agolo mílíìkì. Ẹ̀kẹta mú àtòrì dání, ó ń lé àwọn yòókù sẹ́yìn bí atókùn. Ọmọ inú àpò há ohùn mọ́ ọ̀fun, ó ń súre fún ìyá kan tó ń yan gàrí. Ìyá náà kúnlẹ̀ gba àdúrà, ó ṣe àṣẹ, ó bu gàrí fún un. Abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, ni mo ti rí èyí.

Ẹ̀kú, iwì àti bàtá ni àwa lámèyítọ́ sábà máa ń yẹ̀ wò. Olúdáre Ọlájubù kó iwì jọ sínú ìwé ní 1972; ìwé Margaret Thompson Drewal ti 1992 sì jẹ́ ká rí i pé eré wà nínú orò Yorùbá gan-an. Síbẹ̀, eégún ọmọdé kò jọ wá lójú. Èmi gbà pé òun ni ilé ẹ̀kọ́ eégún àkọ́kọ́ fún ọmọ oko.

Ọ̀pọ̀ ará oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ló ní agbo ilé nígboro Ìbàdàn. Ìgboro ni wọ́n ń pè ní ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ni wọ́n ń sùn. Agbo ilé ló sì ni eégún. Tí ọdún bá dé, ọmọ oko á tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọ ìgboro, á ru omi, á gberin, á mọ ẹni tó bá a tan. Ọmọbìnrin kì í wọ ìgbàlẹ̀, ojú obìnrin kò sì gbọdọ̀ kan eégún Olóòlù, àmọ́ ẹnu àwọn obìnrin ilé ni oríkì wà. Ọmọbìnrin tó ń gberin lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lè mọ ìtàn ilé ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó kàn ń sáfún pàṣán lọ.

Ní Trinidad náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Íńdíà lọ sí oko ìrèké ibẹ̀ ní 1845, ọmọdé ló ń fara ṣe ìtàn Rama, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ní pápá abúlé Felicity. Nígbà tí akéwì Derek Walcott gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992, ó jẹ́wọ́ pé òun kọ́kọ́ wò ó bí eré orí ìtàgé, òun sì ń wá ohun tó ti sọnù níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni lójú àwọn ọmọ náà, inú wọn sì ń dùn. Ìjẹ́wọ́ yẹn bá èmi náà wí.

Nítorí náà ó máa ń dùn mí tí àgbà awo bá na ọmọ kúrò nídìí eégún alápò, pé ó ń fi awo ṣeré. Ọdún eégún ti ń bọ́ sí àárín táàmù kẹta, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló kù fún ọmọ. Bí a bá tún lé e kúrò lẹ́yìn ilé, ijó orí pèpéle níléèwé ló máa kù, níbi tí aṣọ kò ti ní ìdílé.

Nígbà tí ooru mú ọmọ Lálúpọn yẹn, kò bọ́ àpò lójú wa. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló sá lọ, ẹni tó mú àtòrì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú.