Obìnrin Mẹ́ta Péré Ló Rí Yà

Ní Àgbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ fótókópì kì í ti í sinmi, ni òǹkọ̀wé yìí ti tẹ ìwé ìtàn aláwòrán kan jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni UNESCO fi í sílẹ̀. Ìtàn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ni. Obioma Ofoego ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Alaba Onajin, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, ló ya àwòrán rẹ̀.

Àwòrán inú ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni òǹkọ̀wé yìí ń yà jẹun. Ojú ayàwòrán ló fi kà á, ó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ ńlá ni.

Òpìtàn lè kọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé àwọn obìnrin ya lọ sí ààfin Aláké, ọba Abẹ́òkúta, ní ọdún 1947 nítorí owó orí, kó sì ré kọjá. Ayàwòrán ò lè ré kọjá. Báwo ni wọ́n ṣe wé gèlè? Ta ló pọnmọ? Kí ló wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Bó bá ṣì í yà, ìyá àgbà kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, á rí i lójú ẹsẹ̀.

Aṣọ gan-an lọ́rọ̀ nínú ìtàn yìí. Ìyá Ransome-Kuti, tó kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, kó lè bá àwọn ìyá ọlọ́jà dọ́gba. Ìpínrọ̀ kan lòpìtàn máa fi ṣàlàyé èyí. Ìró kan ti tó ayàwòrán.

Òǹkọ̀wé yìí mú pẹ́ńsù, ó fẹ́ dán ìran kan wò fúnra rẹ̀: bí ìyá náà ṣe ń kọ́ àwọn obìnrin láti fi aṣọ bo imú àti ẹnu nígbà tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Bí aṣọ bá ti bo ẹnu, ẹyinjú nìkan ló kù láti fi ya ẹni tẹ́rù ń bà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tínú ń bí. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Títí ilẹ̀ fi ṣú, obìnrin mẹ́ta péré ló rí yà. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ náà tó 20,000.

Bí ìjọba bá kọ̀ láti fún wọn láṣẹ ìwọ́de, wọ́n á ní pikíníìkì làwọn ń lọ. Nígbẹ̀yìn, ìwọ́de wọn so èso: ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀.

Ohun kan ló dun òǹkọ̀wé yìí: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀dà tó tẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ìyá náà mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ Yorùbá sí àwọn aláṣẹ òyìnbó ni, kí wọ́n lè wá ògbufọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀wé ní Ring Road àti Jẹ́ríkò, ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní ọdún 1874. Ẹ wo ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí ò tán àfi 1893. Ẹ jẹ́ kí àwọn ayàwòrán yà wọ́n sínú ìwé ìtàn aláwòrán ní Yorùbá. Àwọn tó lè yà wọ́n wà ní Bódìjà, wọ́n wà ní Challenge. Ẹ pè wọ́n.