Pátákó, Ibùdó àti Ìtumọ̀: Àyẹ̀wò Ìdájọ́ Ọdún 2022 lórí Òfin Pátákó Ìlú Austin

Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan lẹ́nu pé òfin pátákó ìta ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà ni a gbé wá sí ojú ìwé tí a máa ń lò fún ọ̀rọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí ó wà láàárín ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, àti ilé-iṣẹ́ onípátákó Reagan National Advertising. Nígbà tí a yẹ ìdájọ́ náà wò, a rí i pé ìbéèrè tí ó pín àwọn adájọ́ níyà kì í ṣe ti amòfin nìkan. Ìbéèrè àwa olùkọ́ èdè ni: ǹjẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí jẹ́ ara ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ? Nínú iṣẹ́ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣàlàyé òfin náà, a ó gbé èrò ìhà méjèèjì yẹ̀ wò, a ó sì sọ ibi tí a rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kù sí.

Òfin Ìlú Austin

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà, Austin ní òfin tí ó ń sọ irú pátákó tí ènìyàn lè gbé dúró àti ibi tí ó lè gbé e sí. Òfin náà pín pátákó sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni èyí tí ó ń sọ nípa ọjà, iṣẹ́ tàbí ènìyàn tí ó wà ní ojúlé tí a gbé pátákó sí gan-an. Èkejì ni èyí tí ó ń polówó ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí tí ó ń júwe ọ̀nà ibòmíràn. Kí àlàyé wa lè rọrùn, a ó pe ti èkínní ní pátákó onílé, a ó sì pe ti èkejì ní pátákó ìránṣẹ́.

Ìlú náà kò gbà kí a gbé pátákó ìránṣẹ́ tuntun dìde. Àwọn tí ó ti wà kí òfin tó dé lè dúró, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di pátákó oníná tí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ lè máa yí padà. Pátákó onílé ní tirẹ̀ lè di oníná. Ẹwà ìlú àti ààbò àwọn ará ìlú ni ìjọba ìlú fi ṣe àwíjàre. Ní ọdún 2017, Reagan tọrọ àyè láti sọ àwọn pátákó rẹ̀ kan di oníná. Ìlú kọ̀, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé-ẹjọ́.

Ohun tí ó mú ẹjọ́ náà le ni ìdájọ́ mìíràn tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2015. Ní ìlú Gilbert, ní ìpínlẹ̀ Arizona, òfin gba pátákó tí ó ń sọ èrò ọkàn ènìyàn láàyè láti tóbi tó 20 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ṣùgbọ́n pátákó tí ó ń júwe ọ̀nà ibi ìpàdé kò gbọdọ̀ ju 6 lọ. Kò gbọdọ̀ wà níta ṣáájú wákàtí 12 sí ìpàdé, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọ kékeré kan tí kò ní ilé ìsìn tirẹ̀ ni ó pe ẹjọ́. Gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ó dá ìjọ náà láre. Adájọ́ Clarence Thomas, tí ó kọ ìdájọ́ náà, ní òfin tí ó bá ń ṣa pátákó gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n sọ gbọ́dọ̀ la òṣùwọ̀n tí ó le jù lọ kọjá.

Èrò Ìhà Méjèèjì

Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wá fi èyí dá Reagan láre. Ó ní ẹni tí yóò mọ̀ bóyá pátákó jẹ́ onílé tàbí ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kà á ná. Nítorí náà, ohun tí pátákó sọ ni òfin ń tọ pinpin. Adájọ́ Sonia Sotomayor, tí ó kọ èrò tí ó borí ní ọdún 2022, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òfin náà kò bìkítà fún ọjà tàbí èrò tí pátákó ń gbé jáde. Kíkà tí a ń kà á kò ju kí a lè mọ ibi tí a ó pààlà sí. Adájọ́ mẹ́ta ni ó tako ìdájọ́ náà. Thomas, tí ó kọ àtakò wọn, mú àpẹẹrẹ ilé ìtàwé ìjọ Kátólíìkì kan wá. Bí pátákó iwájú rẹ̀ bá ní kí a ra ìwé sí i, onílé ni. Bí ó bá ní kí a lọ ṣe àbẹ̀wò sí Ilẹ̀ Mímọ́, ìránṣẹ́ ni. Ó ní bí ìyípadà ọ̀rọ̀ bá lè yí ìdájọ́ padà, ọ̀rọ̀ gan-an ni òfin ń dá lẹ́jọ́.

Àríwísí Wa

Ní ojú tiwa, apá kan òtítọ́ ni ìhà kọ̀ọ̀kan rí. Sotomayor sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìta ọ̀rọ̀ ni ibùdó wà. Yorùbá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá rí àkísà àti ìkarahun ìgbín tí a so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì igi ìdáná lóko, ààlè ni. Olóhun ń kìlọ̀ fún olè. Bí a bá rí àkísà àti ìkarahun kan náà lórí ààtàn, ìdọ̀tí ni. Ibùdó nìkan ni ó yàtọ̀. Bákan náà ni àkọlé tí gbogbo wa mọ̀ lára ògiri, pé ilé yìí kì í ṣe títà. Lára ògiri, ọ̀rọ̀ atọ́ka náà, ‘yìí’, mọ ilé tí ó ń tọ́ka sí. Bí a bá gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, lẹ́tà kan kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti sọnù. Òfin tí ó bá ń fi ibùdó ṣe òṣùwọ̀n ti fọwọ́ kan ìtumọ̀. Kí a gbà bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́.

Ṣùgbọ́n Thomas náà ṣe àṣejù. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tiwa. Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ka àròkọ kí ó tó mọ̀ bóyá ìbéèrè kìíní tàbí ìkejì ni akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn. Kíkà yìí kì í ṣe ojúsàájú. Ojúsàájú ni kí ó fi máàkì ta ẹni tí èrò rẹ̀ bá ti olùyẹ̀wò mu lọ́rẹ. Láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí yàtọ̀ sí láti dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní ojúlé. Òfin ibùdó kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ olówó ilé lè kọ ohun tí ó ń ṣe sí iwájú ilé rẹ̀. Ìjọ tí ó ń yá yàrá ilé-ìwé pàdé, bí ìjọ ti Gilbert, kò ní iwájú ilé kankan. Pátákó ìránṣẹ́ nìkan ni ó lè gbé. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò bá ní ibòmíràn láti dúró sí ju ilẹ̀ ẹlòmíràn lọ, òfin tí kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni lè pa á lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣòfin pátákó kọ́kọ́ bi ara wọn.

Pátákó oníná tún dá kún un. Pátákó tí a fi ọ̀dà kọ, a kà á lẹ́ẹ̀kan, a mọ irú rẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí padà lè jẹ́ onílé nísinsìnyí, kí ó di ìránṣẹ́ kí á tó ṣẹ́jú. Ibùdó kò yí, ọ̀rọ̀ ni ó ń yí.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ tí òfin ọdún 2006 gbé kalẹ̀ fún pátákó ìta náà ń ya pátákó tí ilé-iṣẹ́ fi júwe ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a fi ń polówó ọjà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ wá lógún jù. Nígbà tí a bá ń kọ́ni ní àrokò, a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí pé owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, a ó sì fi àmì sí i pé ó gbà á. Owó ẹyọ mẹ́fà tí ó wà nínú àtẹ oníṣòwò kò fà sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, àti ohun tí ó wà láàárín wọn ni ó sọ ọ́ di àrokò.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, tí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Bí àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án bá lè jiyàn lórí ibi tí ààbọ̀ kejì wà, kò yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni lédè máa ṣe ìdánwò bí ẹni pé inú lẹ́tà nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè wa lórí àrokò àti lórí àyọkà máa sọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ àti ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí, kí a tó béèrè ìtumọ̀.