Àwòrán Ọjọ́ Iléyá

Bí ẹbí bá pé sílé fún Iléyá, àbúrò mi á gbé ìwé àti pẹ́ńsù lé itan. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ wọn kò sinmi. Àbúrò mi á dúró títí ọwọ́ náà á fi padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èjìká ló máa ń kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà gèlè. Ojú ló ń gbẹ̀yìn. Tó bá kan ọ̀dà olómi, kì í kun ibi tí oòrùn bà rárá: funfun ìwé ló fi ń ṣe ìmọ́lẹ̀. Níbi òjìji, á po búlúù díẹ̀ mọ́ pupa bí ilẹ̀, torí àwọ̀ ara wa kì í ṣe dúdú lásán. Fọ́tò yá ju irú àwòrán yìí lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló ń wo èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó ya fọ́tò? Àwọn ọmọ kéékèèké ti ń du búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn lọ́wọ́.