Daniela Ńkọ́? Àkíyèsí lórí *Dark Matter* ti Blake Crouch

Ọdún 2016 ni Blake Crouch, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn àròsọ yìí jáde. Ó wà ní èdè Faransé pẹ̀lú, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kà á.

Jason Dessen, olùkọ́ físíìsì ní Chicago, jáde nílé ní alẹ́ ọjọ́ kan láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀. Bí ó ti ń padà bọ̀, ẹnìkan tí ó fi ìbòjú bojú fi ìbọn gbé e lọ. Ayé mìíràn ni ó jí sí. Níbẹ̀, kò fẹ́ Daniela, wọn kò bí Charlie ọmọ wọn, ṣùgbọ́n òun ni onímọ̀ olókìkí tí ó ṣe àpótí tí ń gbé ènìyàn láti ayé kan dé òmíràn. Ta ni ó jí i gbé? (Ẹ dárí jì wá bí a ti tú àṣírí.) Òun tìkára rẹ̀ ni: Jason tí ó yan iṣẹ́, tí ó wá ń jowú Jason tí ó yan aya àti ọmọ.

Àbá tí Hugh Everett gbé kalẹ̀ ní ọdún 1957 ni ìwé náà gbára lé, pé gbogbo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ayé tirẹ̀. Àwa tí a gbọ́ nípa àkúnlẹ̀yàn mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń yan orí, a sì gbàgbé. Ti Crouch yàtọ̀: ojoojúmọ́ ni yíyàn, kò sì sí èyí tí ó nù. Ibi tí èyí ti dùn jù ni ìgbà tí Jason padà dé ilé, tí ó bá ọ̀pọ̀ Jason níbẹ̀. Gbogbo ìpinnu tí ó ṣe lójú ọ̀nà ti bí òmíràn. Aya kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ràn, ìrántí kan náà ni wọ́n ní, wọ́n sì ń pa ara wọn. Ta ni a ó pè ní àlejò nínú wọn?

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wa kò tán. Daniela náà fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nítorí ọmọ. Jason rí Daniela kan tí kò fi í sílẹ̀, ayàwòrán tí ayé ń yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yìnbọn pa á, ìtàn sì kọjá lọ. Amanda tí ó bá a la ìyà kọjá nínú àpótí náà kọ ìwé ìdágbére, ó sì pòórá. Ọ̀nà tí ọkùnrin kò gbà di ìwé odindi. Ti obìnrin kò ju ojú ewé díẹ̀.

Ní ìparí, Jason ní kí Charlie ni kí ó ṣí ilẹ̀kùn.